Nígbà Tí Ajá Di Mẹ́ta

Kò sí ọdún kan tí n kì í ka àròkọ lórí ajá. Bí mo bá ti fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní orí-ọ̀rọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn, ó ju ìdajì wọn lọ tí yóò mú ajá, ohun kan náà ni wọn yóò sì sọ: ajá ń ṣọ́ ilé, ajá ń bá ọdẹ lọ sígbó, ajá kì í gbàgbé olóore. N kì í fa igi lé ọ̀rọ̀ wọn, nítorí òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ajá ti di mẹ́ta nínú àgbàlá wa ní Agbowó ni mo ti rí i pé ajá kan ṣoṣo ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń kọ nípa rẹ̀. Kò sí èyí tí ó kọ ọ́ rí pé ajá ní ojú tí ó fi ń wo ajá ẹgbẹ́ rẹ̀, pé ohun tí ń bẹ láàárín ajá àti ajá nínú ilé kan lè le ju ohun tí ń bẹ láàárín ajá àti olè lọ. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Àpá tí ó wà ní ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi ni ó kọ́ mi.

Ajá méjì ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa nígbà tí wọ́n papò dà. Èyí àgbà jẹ́ abo, ajá ìbílẹ̀ pọ́ńbélé, pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ nà ṣóńṣó. Tanímọ̀la ni orúkọ rẹ̀. Èkejì jẹ́ akọ dúdú. Má-wò-mí-bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́. Kí n dúró díẹ̀ lórí orúkọ wọ̀nyí, nítorí àwọn tí ń múra ìdánwò. Láàárín àwọn baba wa, orúkọ ajá kì í sábà jẹ́ orúkọ lásán; òwe ni, èébú tí a dì sínú ewé ni. Ẹni tí ó bá ní ẹjọ́ pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí ó di ariwo, a fi ọ̀rọ̀ náà sọ ajá rẹ̀ lórúkọ, a sì máa pe ajá náà kíkankíkan nígbàkígbà tí aládùúgbò bá ń kọjá. Ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ ni ó bí Má-wò-mí-bẹ́ẹ̀. Bàbá mi a dúró lójúde ní kùtùkùtù, wọn a pe ajá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ajá yóò ti dé ní ìgbà àkọ́kọ́, wọn kò ní dákẹ́. Nínú àwọn ìwé tí a fi ń kọ́ ọmọ ní orúkọ àmútọ̀runwá àti orúkọ àbísọ, mo rò pé ó yẹ kí àyè wà fún irú orúkọ yìí, nítorí Bingo àti Jack ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo Ìbàdàn tán.

Ọmọ ọwọ́ ni Má-wò-mí-bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó dé. Abẹ́ ikùn Tanímọ̀la ni ó ń sùn, eegun tí Tanímọ̀la bá fi sílẹ̀ ni ó ń jẹ. Nítorí náà, a kò mọ ohun tí à ń pè ní ìjà ajá nínú ilé wa. A rò pé ìwà rere ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ìbúgbàmù ńlá kan ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà. Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́jọ lù. Ìwé ni mo ń máàkì lórí tábìlì. Ilẹ̀ mì, gíláàsì fèrèsé wa ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, gbogbo àdúgbò sì bọ́ síta. Kì í ṣe àwa tí a wà nítòsí nìkan ni a gbọ́ ọ. Wọ́n gbọ́ ọ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò tí ó jìnnà. Ohun tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ fún ìlú ni pé àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ ni ó kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé kan. Ẹ̀mí ṣòfò, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé sì bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ilé ọ̀rẹ́ mi kan, olùkọ́ bí tèmi, kò jìnnà sí ibẹ̀. Orí kó gbogbo wọn yọ, ṣùgbọ́n àjà ilé já lulẹ̀, fèrèsé kò sì ku ẹyọ kan. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Challenge, ẹ̀gbọ́n náà sì ní ènìyàn ni òun gbà, òun kò gba ajá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta ó dé ẹnu géètì wa, okùn ajá lọ́wọ́ kan, abọ́ ajá lọ́wọ́ kejì.

‘Ìyá Tọ́lá, ẹ dákun, ẹ gbà mí. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni.’

Ta ni yóò wo ojú ẹni tí òrùlé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí kí ó sọ pé rárá? Báyìí ni Sheba ṣe wọlé wa: abo, ọmọ ọdún méjì, àdàlù ajá Jámánì àti ti ìbílẹ̀, ó ga ju Tanímọ̀la lọ, bí a bá sì ti ilẹ̀kùn gbà á wúyẹ́, a fẹ́ẹ́ wọ inú ògiri.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe gbà á wọlé, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀, a so Tanímọ̀la mọ́ ìdí igi máńgòrò. A wá mú àlejò gba géètì wọlé, a mú un yí gbogbo àgbàlá ká kí ó lè mọ̀ ọ́n, a fi ẹ̀yìn ilé ìdáná hàn án, a sì bu ẹran fún un nítorí ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ẹ fi ojú inú wo ìyálé tí a so mọ́ igi, tí a wá ń mú ìyàwó tuntun ká iyàrá rẹ̀, tí a tún ń bu ẹran fún un lójú rẹ̀! Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn baba wa ti í mú ìyàwó wọlé mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìta ni ìyàwó ń dúró sí. A ó bu omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn àgbà obìnrin ilé ni yóò sì gbà á wọlé. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní àṣà ìgbéyàwó lọ́dọọdún, n kò ronú kan ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá láìsí ariwo, a sì pè é ní àlàáfíà. Ajá kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń pàrokò, àwa ni a kò ka àrokò náà. Tanímọ̀la, tí abẹ́ máńgòrò ti jẹ́ ibùsùn rẹ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, bẹ̀rẹ̀ sí í sùn gbalaja sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Bí Sheba bá ń bọ̀, kò ní gbó, kò ní dìde. Yóò kàn pa ẹnu dé, ara rẹ̀ yóò le gan-an, yóò sì fi ojú tẹ̀ lé e títí funfun ẹyinjú yóò fi hàn. Sheba yóò yí orí sí ẹ̀gbẹ́, yóò fi ahọ́n lá imú, yóò sì gba ibòmíràn. Àwa ń sọ pé, ‘Ẹ wò ó, wọn kò tilẹ̀ bá ara wọn jà.’ Ní ìgbà méjì tí Tanímọ̀la kùn sí i, ọkọ mi mú pàṣán. Ó ní bí ẹni tí ó ni ilé kò bá jẹ́ ọ̀gá lórí ajá rẹ̀, ajá ni yóò di ọ̀gá. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà kẹta, Tanímọ̀la kò kùn mọ́. Inú wa dùn.

N kò mọ̀ nígbà náà pé kíkùn ajá ni ìkìlọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi pàṣán gba ìkìlọ̀ lẹ́nu ajá kò gba ìbínú kúrò níkùn rẹ̀. Ìró ni ó pa, ìjà ṣì wà níbẹ̀. Àwa olùkọ́ tilẹ̀ yẹ kí a mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Gbogbo wa ni a ti rí kíláàsì tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ nítorí ẹgba.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún, ọkọ mi ti Dúgbẹ̀ dé pẹ̀lú eegun màlúù nínú ọ̀rá. Ajá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sáré wá sí ẹnu ọ̀nà tóóró tí ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo sì fi ọwọ́ pa Sheba lórí, nítorí òun ni ó sún mọ́ mi jù. Kò sí gbígbó, kò sí kíkùn. Tanímọ̀la kàn fò mọ́ ọn lọ́rùn ni. Ariwo tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà, n kò mọ̀ pé ó wà ní ọ̀fun ajá. Mo ṣe ohun tí aláìmọ̀kan máa ń ṣe: mo ki ọwọ́ bọ àárín wọn láti fa Tanímọ̀la ní ọrùn. Omi garawa kan tí ọkọ mi dà lé wọn lórí ni ó là wọ́n, kì í ṣe ọwọ́ mi. Nígbà tí mo wo ọwọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ ti dé ìgúnpá.

Eyín ta ni? Títí di òní, n kò mọ̀. Káàdì abẹ́rẹ́ Tanímọ̀la wà nínú dúrọ́ọ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé. Ti Sheba wà lábẹ́ àjà tí ó já ní Bódìjà. Aládùúgbò kan ní kí n fi epo pupa sí i, òmíràn ní kí a gé irun ajá náà kí a jó o lé ojú ọgbẹ́. Ẹ má ṣe é. Ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn ni a fi ń fọ ojú ibi tí ajá bá ti gé ènìyàn jẹ, fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí a tó gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Àìsàn dìgbòlugi kì í ṣe ohun àwàdà: gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wí, nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni ó ń pa lọ́dún, ní Éṣíà àti Áfíríkà jù lọ, ajá ni ó sì ń kó o ran èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Láti ọdún 1885 tí Louis Pasteur ti gún ọmọ kan ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní Faransé ni ènìyàn ti ní ohun tí ó lè fi dènà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àmì àìsàn náà bá ti hàn lára ẹni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ó ti parí. Ọjọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà ni mo gba àkọ́kọ́. Mo tún gbà á ní ọjọ́ kẹta sí i, ọjọ́ keje àti ọjọ́ kẹrìnlá, a sì ń ṣọ́ ajá méjèèjì fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ̀wé sójú pátákó ní gbogbo ìgbà náà. Àwọn ọmọ sì ń rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi ní kí a dá Sheba padà. Mo ní ibo ni a óò dá a padà sí? Ó tún ní kí a fún ẹlòmíràn ní Tanímọ̀la, nítorí ó ti darúgbó. Èyí ni mo fi sunkún. Ajá bàbá mi ni.

Bàbá tí ń ṣọ́ àdúgbò wa lóru, ọdẹ gidi ni wọ́n kí wọ́n tó di ọlọ́dẹ. Nígbà tí mo rò fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín.

‘Tíṣà, ajá mélòó ni ó wà nínú àlọ́ ọdẹ?’

Mo ní mẹ́ta: Òkémọkéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì àti Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé.

‘Ṣé ẹ gbọ́ pé wọ́n bá ara wọn jà rí? Ọ̀kan ń pa, ọ̀kan ń gbé mì, ọ̀kan ń gbálẹ̀. Kò sí ẹni tí ó wà lórí iṣẹ́ ẹnì kejì. Ajá tèmi, nígbà tí mo ní mẹ́rin, n kò bọ́ méjì lójú kan rí. Ẹ̀yin ni ẹ kó wọn jọ sí ẹnu ọ̀nà kan, tí ẹ tún gbé eegun dání.’

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé apàlọ́ kò sọ fún wa rí bí ajá mẹ́ta ọdẹ náà ti ń jẹun nílé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, mo sì bá ìtàn kan pàdé tí ó yà mí lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi agbára jẹ́ ọ̀gá lórí ajá, ó ní orísun. Ní ọdún 1947 ni Rudolf Schenkel tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí àwọn ìkookò tí a há mọ́ ọgbà ẹranko ní Basel, ní Switzerland; ó rí i pé wọ́n ń jà du ipò. L. David Mech, ará Amẹ́ríkà, gba ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìwé rẹ̀ lórí ìkookò ní ọdún 1970, àwọn olùkọ́ ajá sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1986 ni Mech fúnra rẹ̀ ti ń lọ wo ìkookò tí ó wà nínú igbó tirẹ̀ ní erékùṣù Ellesmere, ní Kánádà. Ohun tí ó rí níbẹ̀, tí ó sì kọ jáde ní ọdún 1999, ni pé agbo ìkookò kì í ṣe ojú ogun: baba ni, ìyá ni, àwọn ọmọ wọn ni. Àwọn ti Basel ni àjèjì tí a kó jọ sínú ọgbà tí wọn kò lè jáde. Ọkùnrin náà tilẹ̀ bẹ àwọn olùtẹ̀wé rẹ̀ pé kí wọ́n má tẹ ìwé àkọ́kọ́ yẹn mọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Mélòó nínú àwa tí a ń kọ̀wé ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìgbà tí mo ka èyí ni mo tó mọ ohun tí ajá mẹ́ta inú ilé wa jẹ́. Wọn kì í ṣe baba, ìyá àti ọmọ. Àjèjì tí a kó jọ sínú ọgbà ni àwọn náà. Òrogún ni wọ́n, kò sì sí èyí tí ó yan èkejì. Nínú ilé olórogún, gbogbo wa mọ ibi tí ìjà ti ń wá: bí baálé ti ń pín nǹkan ni. Ní ọdún 2011, àwọn oníṣègùn ẹranko ní Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí ajá méjì-méjì 38 tí wọ́n ń bá ara wọn jà nínú ilé kan náà. Akọ àti akọ, tàbí abo àti abo, ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí ó sì sábà ń dá ìjà sílẹ̀ ni oúnjẹ àti ojú rere olówó wọn. Oúnjẹ àti ojú rere: eegun inú ọ̀rá, àti ọwọ́ tí mo fi pa Sheba lórí. Èmi ni mo mú méjèèjì dé ẹnu ọ̀nà náà.

A bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé Sheba kò tíì dé. Káfíńtà kan ilẹ̀kùn pákó kékeré sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, a sì fi Sheba sí apá kan. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọn kò fi ojú kan ara wọn, ṣùgbọ́n a máa ń pààrọ̀ aṣọ àkísà tí wọ́n ń sùn lé, kí imú kọ́kọ́ mọ ohun tí ojú yóò rí. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Tanímọ̀la wa àkísà Sheba jáde, ó sì tọ̀ lé e lórí. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì fi parí, ó ń sùn lé e.

Lẹ́yìn náà ni a wá lọ ṣe ìpàdé ẹnu ọ̀nà tí a kò ṣe tẹ́lẹ̀. Ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó kún títì, ọkọ mi a mú Tanímọ̀la, èmi a mú Sheba, a ó sì jáde sí ọ̀nà tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn, ẹnì kan ní ẹ̀gbẹ́ yìí, ẹnì kan ní ẹ̀gbẹ́ kejì, a ń lọ síbì kan náà. A kò jẹ́ kí wọ́n kọjú sí ara wọn. Iwájú ni gbogbo wa ń wò. Lójoojúmọ́ ni a ń sún mọ́ ara wa ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí méjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ń gbé àdúgbò wa rò pé tọkọtaya tí ó ń jà ni wá. Nígbà tí ó di oṣù kẹrin ọdún náà, ajá méjèèjì ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a sì mú wọn wọlé papọ̀; Tanímọ̀la ni ó kọ́kọ́ tẹ ẹnu ọ̀nà.

Nínú ilé, abọ́ mẹ́ta wà ní ibi mẹ́ta tí wọn kò ti lè rí ara wọn. Ìgbà kan náà ni wọ́n ń jẹun, a sì ń kó abọ́ kúrò nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lọ wo ti ẹlòmíràn. Eegun kò wọ àgbàlá mọ́ àfi bí ilẹ̀kùn pákó bá wà ní títì. Kò sí ajá tí ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá kí a tó pe orúkọ rẹ̀. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, n kì í kí ajá kankan ní géètì. Mo ń kọjá, mo ń jókòó, lẹ́yìn náà ni mo ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí ni ó ṣòro jù fún mi. Pàṣán ti kúrò nílé. Bí Tanímọ̀la bá kùn, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi, mo sì ń pe Sheba kúrò níbẹ̀. Ọkọ mi ní mo ti ń gbè sẹ́yìn ìyálé. N kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Èwo ni ó jẹ́ àgbà láàárín wọn, ọ̀rọ̀ tiwọn ni, èmi kọ́ ni mo ń fi wọ́n jẹ oyè. Mo rí i pé Tanímọ̀la ni ó ni ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, Sheba sì ni ó ni abẹ́ máńgòrò báyìí, n kò sì dá sí i.

Ìjà méjì péré ni ó tún ṣẹlẹ̀. Ìgbà kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ju búrẹ́dì sí àárín wọn; ìgbà kejì, Sheba ń wá akọ. Lẹ́yìn èyí, a bá olówó rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó gbà, a sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, níwájú wa níbí, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kí ó má bímọ.

Wọn kò di ọ̀rẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ìtàn ajá a sábà máa parí sí pé wọ́n ń sùn lórí ẹní kan. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, nígbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yin báńgà, Sheba sá wọ ilé ìwẹ̀, ó sì ń gbọ̀n títí ilẹ̀ fi mọ́. Má-wò-mí-bẹ́ẹ̀ lọ dùbúlẹ̀ sí ẹnu ilẹ̀kùn náà. Tanímọ̀la wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ọ̀rẹ́ mi di oṣù mọ́kàndínlógún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni ó tún ilé rẹ̀ ṣe tán, ó sì wá mú ajá rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, Má-wò-mí-bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ jẹun, Tanímọ̀la sì gba abẹ́ máńgòrò padà ní ọjọ́ kejì, kò dúró de ọjọ́ kẹta. Ọkọ mi fẹ́ yọ ilẹ̀kùn pákó kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, pé ó ń gba ẹsẹ̀ ènìyàn. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti pè mí lórí fóònù: òun àti àwọn ọmọ fẹ́ lọ lo ọdún nílé ọkọ rẹ̀, ó sì ń béèrè bóyá Sheba lè tún wá fún ọ̀sẹ̀ méjì.